Ọmọ fẹ́ kọ́ṣẹ́ téló: kí la máa wò lára ọ̀gá, irú ayé wo sì ni iṣẹ́ náà ń fúnni?

Alágbàtọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan ti ṣe WAEC tán, téló ló wù ú, ẹnikẹ́ni ò fipá tì í sí i. Ọ̀gá méjì ló wà ládùúgbò. Ọ̀kan ń gba owó ìkọ́ṣẹ́ tó gọbọi fún oṣù 18. Èkejì ò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọdún 4 ni ọmọ máa lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkàn ìyá ọmọ ti ń fà sí ti ọ̀fẹ́. Kí ni kí wọ́n wò kí wọ́n tó fi í sílẹ̀? Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ayé téló náà: àsìkò rẹ̀, ara rẹ̀, owó rẹ̀.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù:
Ọ̀fẹ́ kankan ò sí ńbẹ̀. Ọmọ tí kò sanwó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń san án. Ọmọ tó já fáfá á ti máa rán bùbá àti ìró tó ṣeé gbé fún oníbàárà kó tó lo ọdún 2 tán. Ìyókù ọdún 4 yẹn, ọ̀gá ló ń ṣiṣẹ́ fún. Kò burú bí tọ̀túntòsì bá ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó burú ni kí ọmọ lo ọdún 4, kó má sì mọ aṣọ gé.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sẹ́yìn ná. Ẹ ka máṣíìnì, kí ẹ ka ọmọ iṣẹ́. Bí ọmọ 9 bá wà lórí máṣíìnì 2, tí oníbàárà sì ní iṣẹ́ nílẹ̀, ọmọ tuntun lè má fẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń gé aṣọ. Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ọ̀gá nìkan ló ń di sísọ́ọ̀sì mú láti ọdún dé ọdún. Bọ́tìnì, etí ìró àti wífìn (fífi máṣíìnì dí etí aṣọ kó má baà tú) ni ti àwọn ọmọ. Ẹ fọgbọ́n bi èyí tó ti lo ọdún 2 níbẹ̀ pé ṣé ó lè gba ìwọ̀n èèyàn, kó sì gé bùbá láìpe ọ̀gá. Ojú rẹ̀ á ti dá yín lóhùn kó tó lanu.

Ọ̀sán Fúráídè ló dáa jù láti lọ wo ṣọ́ọ̀bù, nítorí òde Sátidé. Ìgbà yẹn ni oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ ò tíì jáde máa ń dé. Ẹ jókòó, kí ẹ fetí sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní bọ́tìnì ló kù nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú ọ̀rá láìgé, irọ́ yẹn ni ọmọ yín máa kọ́kọ́ mọ̀ dunjú, kó tó mọ pátánì, bébà àwòṣe tí a fi ń gé aṣọ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ti sọ èyí tó le jù. Ẹ jẹ́ n sọ ti ìwé.

Ìwé àdéhùn tó pọ̀ níta kún fún ohun tí ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ pẹ́ dé, kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ kọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gá. Ẹ kì í rí ìlà kan ṣoṣo nípa ohun tí ọ̀gá gbọdọ̀ kọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra yín: kí ọmọ tó gba fírídọ̀ọ̀mù, ìyẹn ìparí ìkọ́ṣẹ́, kó lè gé, kó sì rán bùbá àti ìró, kaba, síkẹ́ẹ̀tì, bíláúsì tó ní síìpù, aṣọ ọmọdé, àti aṣọ léèsì tó ní láínín. Bí ọ̀gá bá ń rán ti ọkùnrin náà, ẹ fi ṣòkòtò, bùbá ọkùnrin àti agbádá kún un.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "ọdún 4" lásán. Ẹ kọ aago tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì, ọjọ́ ìsinmi, àti àkókò ṣọ́ọ̀ṣì tàbí Jímọ̀. Ẹ kọ iye ọ̀sẹ̀ àìsàn tí wọn ò ní fi kún àsìkò, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lópin ọdún. Bí ọmọ bá jó aṣọ oníbàárà níná, ta ni yóò san án, títí dé iye wo? Bí ọ̀gá bá kó lọ sílùú mìíràn tàbí tó kú, èló ni wọn á dá padà nínú owó ìkọ́ṣẹ́? Owó fírídọ̀ọ̀mù náà ńkọ́? Iye rẹ̀ ni kí ẹ kọ láti òní. Èyí tí wọn ò bá kọ sílẹ̀ máa ń wú. Ẹ̀dà 2, onígbọ̀wọ́ kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan, ìbuwọ́lù ọmọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ti òbí.

Fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kéré ju ti Alágbàtọ́ lọ: abala 49 nínú Labour Act ti Nàìjíríà gbà kí òbí fi ọmọ tó ti lé ní ọdún 12 tí kò sì tíì pé 16 sẹ́nu iṣẹ́, bí ọmọ náà bá fẹ́, pẹ̀lú àdéhùn alákọsílẹ̀. Àsìkò ìkọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló yẹ kó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀, ṣùgbọ́n òfin ni.

Abẹ́rẹ́ Kẹrìnlá:
Ẹ jẹ́ kí òbí mọ bí ẹ̀kọ́ ṣe ń tẹ̀léra, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọmọ bá ń lọ síwájú tàbí tó dúró sójú kan.

Ẹsẹ̀ ló ṣáájú ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, wọ́n á yọ òwú kúrò lára máṣíìnì, wọ́n á ti ìwé onílà sábẹ́ abẹ́rẹ́, ọmọ á máa tẹ pẹ́dàlì lórí ìlà náà. Kẹ̀kẹ́ máṣíìnì kọ́kọ́ ń yí sẹ́yìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bó bá sì yí sẹ́yìn nígbà tí òwú wà lára rẹ̀, òwú á já. Lẹ́yìn ìlà tààrà, igun. Lẹ́yìn igun, òbìrí. Ìgbà tí ìlà rẹ̀ bá gún ni wọ́n á fi òwú sí i. Títú aṣọ náà, ẹ̀kọ́ ni: bí a ṣe ń já ojú rírán kan nínú mẹ́rin mẹ́rin, ká wá fa ti òdìkejì yọ, kí aṣọ má baà ya. Oṣù 3 sí 4 á lọ lórí èyí, bọ́tìnì, etí aṣọ àti síìpù. Lẹ́yìn náà ni ìró, àpò ìrọ̀rí, ṣòkòtò onírọ́bà. Ní nǹkan bí oṣù 6, ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìwé ìròyìn bíi pátánì. Bí ọmọ bá lo ọdún kan láìtíì gé ìwé pàápàá, ẹ lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Bùbá obìnrin ni aṣọ tí wọ́n fi ń dán ọmọ iṣẹ́ wò. Ẹ wò ó. Ká ní àyà jẹ́ ínṣì 40. Ẹ fi 8 kún un kó lè gba ara láàyè, 48, ẹ pín in sí 4, 12. Ẹ fi ínṣì 1 kún un fún rírán àti títú lọ́jọ́ iwájú, 13. Gígùn 27, pẹ̀lú 1 fún etí ìsàlẹ̀, 28. Ẹ ká aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó di awẹ́ mẹ́rin: ìká kan sí èjìká, ìká kan sí àárín ara. Láti igun tí ìká méjèèjì ti pàdé, ẹ wọn ínṣì 3½ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fún ọrùn. Ibí yìí ni ọmọ iṣẹ́ ti ń ba aṣọ jẹ́: ọrùn ẹ̀yìn kò ju ínṣì 1 lọ sísàlẹ̀, ti iwájú ló ń tó 4 tàbí 5. Ínṣì 1 yẹn ni kí ẹ fi gé awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ya iwájú sọ́tọ̀, kí ẹ wá gé e jìn sí i. Ẹni tó bá gé 5 lẹ́ẹ̀kan náà já gbogbo rẹ̀, bùbá á máa yọ́ sẹ́yìn lọ́rùn, kò sì sí àtúnṣe àfi kí a wá aṣọ fi lẹ̀ ẹ́.

Nínú yáàdì 2 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 44, ara bùbá yìí gba 56 lóròó àti 26 níbùú. Ó ku bẹ́líìtì aṣọ kan tó fẹ̀ ní 18 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni apá méjèèjì ti ń jáde. Ìdí nìyẹn tí téló fi ń sọ pé yáàdì 2 tó, tí ẹni tó sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ fi gbọ́dọ̀ ra sí i.

Ẹ rẹ Ankara sómi, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó gé e, pàápàá èyí tí òwú pọ̀ nínú rẹ̀. Ó máa ń súnkì. Ẹ sì fi tépù wé rúlà onírin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tépù tó ti gbó máa ń fà, ínṣì 40 lórí rẹ̀ lè jẹ́ 40½ gidi.

Olùtọ́jú Máṣíìnì:
Téló tí kò mọ máṣíìnì rẹ̀ tọ́jú á máa fi èrè rẹ̀ bọ́ irú wa ni. Kí ọmọ béèrè kí wọ́n kọ́ ọ ní ìwọ̀nyí kó tó kúrò:

Bí òwú bá ń dì pọ̀ sábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ, òkè ni kí ẹ wò, kì í ṣe bọ́bìn tí òwú ìsàlẹ̀ wà. Òwú òkè kò wọ àárín àwo irin tó ń dì í mú dáadáa. Ẹ gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè kí ẹ tó fi òwú sí i. Bí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, àwo yẹn á ti pa dé. Bó bá ń fo ojú rírán, abẹ́rẹ́ ti wọ́, ó ti kú, tàbí wọ́n fi sí i lódì. Ẹ̀gbẹ́ tí kòtò gígùn wà lára abẹ́rẹ́ ni òwú gbọ́dọ̀ ti wọlé. Nọ́mbà 11 fún ṣífọ́ọ̀nù àti léèsì fẹ́lẹ́, 14 fún Ankara, 16 fún aṣọ tó nípọn, 18 fún jíìnsì líle. Wákàtí bí 8 tí abẹ́rẹ́ bá ti fi ránṣọ gan-an, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó owó aṣọ tó máa ya.

Láràárọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èérún kúrò lábẹ́ eyín tó ń fa aṣọ, kí ẹ kán epo máṣíìnì kọ̀ọ̀kan sójú ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi àkísà rán nǹkan kan kó mu èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ má fi òróró ilé ìdáná tàbí epo ọkọ̀ sí i. Ó ń gan mọ́ irin.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò:
Alágbàtọ́ béèrè ọ̀rọ̀ ara, kò sì sẹ́ni tó fẹnu bà á. Ẹ̀yìn, ọrùn àti ojú ni iṣẹ́ yìí ń jẹ. Àga tí a jókòó sí gbọ́dọ̀ mú kí ìgúnpá wà ní déédéé tábìlì máṣíìnì. Àpótí ìdáná tó kúrú kì í ṣe àga téló. Tábìlì gígé aṣọ yẹ kó ga tó ínṣì 36, kí ẹni tó ń gé e lè dúró láìtẹ̀. Gígé aṣọ nílẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń sọ ọmọ ọdún 25 di ẹni tó ń di ìbàdí mú. Kó dìde lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 45, kó wo ọ̀ọ́kán, kó ṣẹ́ ojú. Kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́ òsì fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́, kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má baà bo abẹ́rẹ́.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún ìka wọlé, ẹ má fà á tipátipá. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ máṣíìnì pẹ̀lú ọwọ́ títí abẹ́rẹ́ á fi gòkè, ẹ fọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tetanus. Bí abẹ́rẹ́ bá kán sínú, ilé ìwòsàn tààrà. Jẹnẹrétọ̀ kì í wọlé, ì báà jẹ́ kékeré, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani láìrùn gan-an. Epo bẹntiróòlù kò sì gbọdọ̀ sùn síbi tí áyọ́ọ̀nù àti aṣọ wà.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn:
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, mo fẹ́ béèrè èyí tí a ń fi pamọ́: ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé ọmọ ọ̀gá lọ síléèwé, tó ń pọn omi, tó ń se ọbẹ̀. Ṣé ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà méjì ló ní. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, tó ń jẹ tó ń sùn níbẹ̀, á ṣiṣẹ́ ilé bí ọmọ ilé. Ọmọ tó ń ti ilé òbí rẹ̀ wá, ìtọ́jú ṣọ́ọ̀bù ni tirẹ̀: gbígbálẹ̀, kíkó èérún aṣọ, rírán níṣẹ́ òwú àti bọ́tìnì. Jíjíṣẹ́ lọ ra òwú náà ní ẹ̀kọ́ nínú, torí ibẹ̀ ló ti ń mọ iye ọjà àti ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n bí aago 10 sí 4 bá ń bọ́ sórí ilé ìdáná, wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù:
Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí òbí fi èyí kọ́ ọmọ ní ìgbéraga. Ọmọ tí kò lè gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kò ní rí abẹ́rẹ́ tó jábọ́, ẹsẹ̀ oníbàárà ló máa rí i.

Alájọ:
Ọ̀rọ̀ àsìkò àti owó, torí òun ló ń sọ téló di irú ẹni tó jẹ́. Ìsinmi àwọn ẹlòmíràn ni iṣẹ́ téló. Òde Sátidé, ìsìn Sọ́ńdè, Iléyá, Kérésì, ọdún tuntun: kí wọ́n tó dé, téló kì í sùn. Mọ́ńdè ló ń sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ tàbí aya tó jẹ́ téló, kó ti mọ̀ pé alẹ́ Fúráídè kì í ṣe ti ilé. Nítorí náà ni ọ̀gá tó mọṣẹ́ fi ń ti ìwé rẹ̀ pa ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ọdún: kò gba aṣọ tuntun mọ́, kódà bí owó bá pọ̀. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá ni wọ́n ń wá bú níwájú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ àìsùn.

Oṣù Disẹ́ńbà ń kún, Jánúárì ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ àjọ láti ìgbà ìkọ́ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ owó oúnjẹ ọ̀sán tó ṣẹ́kù. Nígbà tó bá dá dúró, kó to àjọ rẹ̀ kó bọ́ sí Jánúárì tàbí oṣù owó ṣọ́ọ̀bù.

Iye owó iṣẹ́ náà, wọn kì í kọ́ ọmọ, ọ̀gá kàn ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ìṣirò rẹ̀ rèé, ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ṣọ́ọ̀bù ₦180,000 lọ́dún jẹ́ ₦15,000 lóṣù. Iná àti epo ₦20,000, àtúnṣe máṣíìnì ₦5,000, owó ẹgbẹ́ àti ilẹ̀ gbígbá ₦2,000. Àpapọ̀ ₦42,000. Bí aṣọ 30 bá ń jáde lóṣù, aṣọ kọ̀ọ̀kan ti jẹ ₦1,400 kí a tó ra òwú, síìpù, sítéè (aṣọ líle tí a ń fi sínú kó lè dúró) àti láínín, kí a tó sì dá owó ọwọ́ wa. Ẹni tó ń rán bùbá ní iye tí aládùúgbò ń gbà láìṣe ìṣirò yìí, ara rẹ̀ ló ń tà.

Ìdajì owó kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ. Ẹ kọ orúkọ, ìwọ̀n, ọjọ́ àti àṣẹ́kù sínú ìwé. Ẹ gé aṣọ náà díẹ̀ létí, kí ẹ fi pínnì há a mọ́ ojú ìwé yẹn. Nígbà aṣọ ẹbí, tí ènìyàn 12 bá gbé Ankara kan náà wá, ẹ kọ orúkọ sórí táápù bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tẹnikọ̀ọ̀kan, nítorí àpẹẹrẹ aṣọ nìkan ò ní ran yín lọ́wọ́.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ:
Mo kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ló ń sọni lórúkọ: Àyàn fún ìdílé onílù, Ọdẹ́ fún ìdílé ọdẹ, Ọnà fún ọlọ́nà. Wọ́n ń bíni síṣẹ́ ni. Aránṣọ ọlọ́wọ́ ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́, ṣùgbọ́n téló onígígé òyìnbó kò ní ìdílé kan pàtó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún 19 wà lára àwọn tó fi jẹun. Iṣẹ́ tí kò ní ìdílé, ṣọ́ọ̀bù ni ìdílé rẹ̀. Ẹ wo bí àwọn tó jọ kọ́ṣẹ́ ṣe ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí wọ́n ń bá ọ̀gá ṣe òkú, tí wọ́n ń pín iṣẹ́ fún ara wọn lẹ́yìn ọdún 20. Bí ẹ ṣe ń wo ọ̀gá, ẹ wo àwọn tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé wọ́n ṣì ń yà kí i? Ṣé wọ́n ń ránṣọ, àbí wọ́n ti di ọlọ́kadà?

Abẹ́rẹ́ Kẹrìnlá:
Ọ̀rọ̀ ayẹyẹ fírídọ̀ọ̀mù náà: ẹ ṣọ́ra. Kúlà, jọ́lọ́ọ̀fù, aṣọ ẹgbẹ́, fọ́tò, gbogbo rẹ̀ lè gbé owó máṣíìnì lọ. Máṣíìnì ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, ká tó dá ọjọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, máṣíìnì onípẹ́dàlì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló dáa, nítorí iná tó ń ṣe ségesège. Ti ilé iṣẹ́ ńlá yára, ṣùgbọ́n láìsí iná, irin lásán ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wífìn. Kó tó ní tirẹ̀, kó máa sanwó fún ẹni tó ní in. Bó bá fẹ́ kí ilé iṣẹ́ tàbí ìlú òkèèrè mọ iṣẹ́ rẹ̀, kó ṣe Trade Test (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́) lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Láti ipele III ni wọ́n ti ń gòkè sí I. Ìwé ọ̀gá nìkan kò kọjá àdúgbò.

Alágbàtọ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: bí ọmọ bá dé ibẹ̀ tí kò fẹ́ ẹ mọ́ lẹ́yìn oṣù 2, ṣé owó náà ti lọ nìyẹn?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ó ti lọ, àfi bí ẹ bá kọ oṣù ìdánwò sínú àdéhùn. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó ni kí ẹ san nísinsìnyí, ìdá kan mìíràn nínú mẹ́ta lẹ́yìn oṣù 3, ìyókù nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ. Ọ̀gá tó dá iṣẹ́ rẹ̀ lójú kì í bínú sí i.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù:
Àti pé ọwọ́ gbígbọ̀n kì í ṣe àmì pé kò fẹ́ ẹ. Gbogbo wọn ló ń gbọ̀n. Ẹni tí wọ́n ní kó tú aṣọ, tó jù ú sílẹ̀ tó jáde, òun ni kí ẹ bi léèrè. Ẹ ra sísọ́ọ̀sì 2 fún un kó tó lọ, ínṣì 10 fún aṣọ, kékeré kan fún ìwé, kí ẹ so àkísà pupa mọ́ ti aṣọ. Bó bá fi ti aṣọ gé ìwé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnu sísọ́ọ̀sì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn, léèsì ló sì máa kọ́kọ́ sọ fún un.